Abẹ́rẹ́ Tí Mo Fò Nínú Ẹ̀rí Màámi

Nọ́ọ̀sì Ṣóbọ̀wálé ti ń gun àtẹ̀gùn iwájú ilé wa kí n tó rí wọn. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo ojú ọ̀nà Ìgàndò ti di ẹrẹ̀. Wọ́n fi ọ̀rá di bàtà wọn méjèèjì, wọ́n so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ bí ẹni di mọ́ínmọ́ín.

"Báyọ̀dé, o mà ti ga sí i o. Màmá ńkọ́?"

Màámi wà lẹ́yìnkùlé, nídìí kànga.

"Wọn ò sí nílé, mà."

"Ibo ni wọ́n lọ?"

"Ìjẹ̀bú. Wọ́n lọ sí Ìjẹ̀bú."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni garawa kọ lu ara kànga lẹ́yìn ilé, gbàù! Nọ́ọ̀sì gbójú sókè.

"Ta ló ń fa omi yẹn?"

"Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù ni, mà."

Èmi tí ojú máa ń tì láti kí àlejò, irọ́ ń jáde lẹ́nu mi bí ẹni pé mo ti há a sórí.

Nọ́ọ̀sì nu ojú. "Ó dáa. Bí wọ́n bá dé, sọ fún wọn pé a máa wà ní Ìdímù ní ọjọ́rú, fún àyẹ̀wò ọmú tọdún yìí. Sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni ò rán mi níṣẹ́ o. Èmi fúnra mi ni mo rìn wá. Mo mọ̀ pé a dẹ́rù bà wọ́n lọ́dún tó kọjá, ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Ṣé o máa sọ?"

"Mo máa sọ, mà."

Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n sì yí padà. Ọ̀rá ẹsẹ̀ wọn ń dún ṣàrà-ṣàrà lọ nínú ẹrẹ̀. Mo dúró títí n ò fi gbọ́ ọ mọ́.

N ò sọ.

Ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ná, kí ẹ lè mọ ibi tí èébú náà ti yẹ kó bà mí.

Èmi àti màámi nìkan là ń gbé. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Màámi ń rán sùtánà fún àwa ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, èmi sì ti parí ilé ìwé girama, mo ń retí àtiwọ yunifásítì. Lọ́dún tó ṣáájú ọjọ́ ẹrẹ̀ yẹn, ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ wa pe Nọ́ọ̀sì Ṣóbọ̀wálé wá láti Ẹ̀gbẹ́dá, kí wọ́n wá yẹ ọmú àwọn obìnrin wò. Ọwọ́ wọn kan kókó kan nínú ọmú ọ̀tún màámi. Nọ́ọ̀sì ní kí màámi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá n'Íkẹjà, torí pé ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ.

Ọjọ́ tí ilé ìwòsàn dá fún wa jìnnà. Ẹ̀yin èèyàn, ilé wa di ilé ọ̀fọ̀ tí kò sí òkú níbẹ̀. Màámi ò gba aṣọ tuntun mọ́. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kú kí aṣọ oníbàárà wà lórí máṣíìnì. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ilá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n fa aṣọ òkè ìgbéyàwó wọn yọ nínú àpótí, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, wọ́n ní, "Èyí ni kí wọ́n fi sin mí. Má jẹ́ kí àwọn ará Ìjẹ̀bú gbé e o."

Mo ní, "Ẹ̀n, mà." Kí ni ọmọ tún fẹ́ sọ?

Nígbà tí ọjọ́ pé, dókítà ki abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú kókó náà, ó fa omi jáde níbẹ̀. Bí omi ṣe jáde ni kókó rọlẹ̀, tó sì pòórá. Wọ́n yẹ omi náà wò. Nígbà tí a padà lọ gba èsì, dókítà rẹ́rìn-ín.

"Màmá, omi lásán ni. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò sì fìgbà kan jẹ́ jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹ máa wá lọ́dọọdún o. Pé èyí jẹ́ omi, kò ní kí òmíì má jẹ́ nǹkan míì."

Màámi sunkún láti Ìkẹjà délé.

Lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n lọ dúró síwájú ìjọ láti dúpẹ́. Ẹkún ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Olùṣọ́ Akínlẹ́yẹ, tó jẹ́ olórí ìjọ wa, wá bèèrè pé, "Ta ló tẹ̀ lé wọn lọ? Kó wá bá wọn jẹ́rìí."

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo jáde lọ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ohùn mi jáde láti inú ẹ̀rọ agbóhùnjáde ńlá tó wà lára ògiri, n ò mọ̀ pé èmi ni.

"Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kàn án, kókó wà níbẹ̀. A dé ọ̀dọ̀ dókítà, kókó pòórá!"

Ìjọ bú sí àlélúyà. Agogo ń dún. Àwọn ìyá ń jó. Ibi tí mo ti yẹ kí n sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni mo ti dákẹ́, tí mo ń gbádùn ariwo. Nígbà tí ariwo máa fi rọlẹ̀, abẹ́rẹ́ ò wọ ibẹ̀ mọ́. Màámi dẹ́kun ẹkún, wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí.

Nígbà tí a délé, wọ́n ní, "Báyọ̀dé, abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"Ṣebí Ọlọ́run náà ló ni abẹ́rẹ́, Màámi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. "Ẹnu ọmọ mi mà ti là o! Àfi bí agbẹjọ́rò." Inú wọn dùn pé ọmọ wọn tó máa ń sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí àlejò bá dé ti sọ̀rọ̀ láwùjọ. Nítorí ìdùnnú yẹn ni wọ́n ṣe fi abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀.

Ìròyìn tàn kálẹ̀. Wọ́n mú mi lọ jẹ́rìí ní ìjọ wa tó wà ní Egan, wọ́n mú mi lọ sí Òkè-Odò. Ní Egan, dókítà ya ẹnu, kò lè pa á dé. Nígbà tí mo máa dé Òkè-Odò, dókítà náà ti kúnlẹ̀ tó ń sunkún. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin tí wọ́n ń pè ní Títí, tí n kò lè wò lójú rí, dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ yìí náà ni? Àṣé o lẹ́nu báyìí, tí o kàn ń fi wá ṣeré!"

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ń ba ayé ọmọ èèyàn jẹ́.

Ó wá ku ọ̀la kí a ṣe ìkórè. Bàbá kan tó jẹ́ àgbà nínú ìjọ ń bọ̀ láti olú ìjọ, wọ́n ti ní èmi ni màá jẹ́rìí níwájú wọn. Bí ẹ̀rí náà bá dùn mọ́ wọn, wọ́n máa mú mi lọ sí ìpàdé ńlá òpin ọdún. Sùtánà tuntun tí màámi rán fún mi wà lórí okùn. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Nọ́ọ̀sì Ṣóbọ̀wálé so ọ̀rá mọ́ ẹsẹ̀ wá sílé wa.

Mo sọ fún ara mi pé màámi ni mò ń gbà là. Mo rántí aṣọ òkè lórí ibùsùn. Mo ní kí ló dé tí wọ́n á tún fi ẹ̀rù pa obìnrin yìí nítorí omi lásán? Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn, òun náà ló sì jẹ́ kí irọ́ yẹn rọrùn láti pa. Ṣùgbọ́n nǹkan tó wà nísàlẹ̀ ọkàn mi ni pé, bí wọ́n bá rí ẹni tí mo ní Ọlọ́run wò sàn lórí ìlà àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ní Ìdímù, kí ni wọ́n máa pè mí?

A ṣe ìkórè. Mo jẹ́rìí. Bàbá àgbà náà gbé ọwọ́ lé mi lórí.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni màámi ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè kan. Bí mo bá ti ń ti òde bọ̀, tàbí tí wọ́n bá ti ọjà dé: "Báyọ̀dé, ṣé ẹnì kankan ò wá bèèrè mi?"

"Rárá, mà."

"Ẹnì kankan rárá?"

"Ẹnì kankan, mà."

Mo rò pé oníbàárà ni wọ́n ń retí.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn nǹkan kéékèèké. Màámi máa ń gún pín-ìn-nì aṣọ mọ́ àyà bùbá wọn lápá ọ̀tún bí wọ́n bá ń ránṣọ. Pín-ìn-nì kó lọ sí apá òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń yí máṣíìnì tẹ́lẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òsì yí i, okùn ń já, wọ́n ń pòṣé. Bí wọ́n bá fọ aṣọ tán, èmi ni wọ́n ń pè kí n wá sá a.

"Ṣé ọwọ́ ń dùn yín ni, Màámi?"

"Àgbà ló ń bọ̀, jàre. Sá aṣọ."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, à ń ṣa ẹ̀wà. Láìwò mí, wọ́n ní, "Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Ọkàn mi ti balẹ̀ lórí ẹ̀, kó má bà ọ́ lẹ́rù. Kí ìkórè tó dé ni ọwọ́ mi kan nǹkan kan lábẹ́ apá mi. Ó le, ó dà bí èkùrọ́."

Ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀wà.

"N ò lè dá dìde lọ síbẹ̀. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́dún yẹn, Báyọ̀dé, n ò lè gbé e lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n tún wá ní omi lásán ni. Àti pé lẹ́yìn gbogbo àlélúyà yẹn, n ò fẹ́ sọ ìwọ náà di òpùrọ́. Mo wá béèrè àmì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní tí Nọ́ọ̀sì Ṣóbọ̀wálé bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá bèèrè mi, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, màá mọ̀ pé Ọlọ́run ló ní kí n lọ. Màá dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀." Wọ́n fẹ́ ìdọ̀tí kúrò lára ẹ̀wà. "Kò wá. Nǹkan náà ò ní í jẹ́ nǹkan kan."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bú mi. Ti ẹnu ọ̀nà, mo lè ní n ò mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí, mo mọ̀. Mo la ẹnu, òótọ́ wà ní ọ̀fun mi, ó ń rìn bọ̀. Mo rí ojú màámi, bó ṣe tutù, bó ṣe fọkàn tán mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé:

"Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe, Màámi."

"Àmín," ni wọ́n dáhùn.

Mo gbìyànjú o. Mo ní màá yọ́ lọ sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì ní Ẹ̀gbẹ́dá, màá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún wá bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo dé ẹnu géètì ibi iṣẹ́ wọn. Mo rí wọn lójú fèrèsé, àwọn àti àwọn aboyún ń rẹ́rìn-ín. Mo rò ó bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyàwó lánlọ́ọ̀dù ọjọ́ yẹn, màámi ni." Ojú tì mí. Mo ra ẹ̀pà, mo padà sílé. Ọdún tuntun wọlé, ọ̀rọ̀ ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Ọjà Ìdímù ni Ọlọ́run ti mú mi. Màámi fẹ́ gbé sùtánà fún oníbàárà kan, èmi ló ru ẹrù tẹ̀ lé wọn. A dúró nídìí àtẹ tòmátì, wọ́n ń ná an, ni ohùn kan dún lẹ́yìn wa.

"Ìyá Báyọ̀dé! Ẹ̀yin èrò Ìjẹ̀bú! Ẹ ti wá gbàgbé wa pátápátá!"

Nọ́ọ̀sì Ṣóbọ̀wálé ni, pẹ̀lú agbọ̀n lọ́wọ́, ẹ̀rín kún ẹnu wọn.

Màámi náà rẹ́rìn-ín. "Ìjẹ̀bú wo? Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo débẹ̀ kẹ́yìn."

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi jàre. Ṣebí Ìjẹ̀bú lẹ wà nígbà tí mo wá sílé yín? Ó ku ọ̀la kí ẹ ṣe ìkórè. Ẹrẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi mì lọ́jọ́ yẹn! Báyọ̀dé ò sọ fún yín ni?"

Màámi ò yí orí padà. Tòmátì méjì wà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ wá sílé mi?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo tiẹ̀ ní kó sọ fún yín pé ẹnikẹ́ni ò rán mi, èmi ni mo rìn wá fúnra mi."

Ìyá olótòmátì ní, "Ìyá, ṣé ẹ máa rà á àbí ẹ ò ní í rà á? Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́, ó ti ń bẹ́."

Màámi gbé tòmátì sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Wọ́n yí sí mi.

"Ṣé òótọ́ ni?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Báyọ̀dé. Ojoojúmọ́ ni mo ń bi ọ́."

Wọn ò pariwo. Ká ní wọ́n gbá mi létí níwájú gbogbo ọjà, ǹ bá dúpẹ́. Wọ́n kàn di ọwọ́ Nọ́ọ̀sì mú, wọ́n fà wọ́n sẹ́yìn àtẹ, níbi tí àwọn agbọ̀n òfìfo wà, wọ́n sì ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ apá bùbá wọn.

Ẹ̀rín ṣì wà lójú Nọ́ọ̀sì nígbà tí ọwọ́ wọn wọlé. Mo rí i bó ṣe kúrò. Kò kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu ló kọ́kọ́ kúrò, ojú wá tẹ̀ lé e.

"Láti ìgbà wo, Ìyá Báyọ̀dé?"

"Láti ìgbà tí ẹ wá."

Èyí kì í ṣe omi. Dókítà sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò tán. Ó ní ó ti ń rìn lọ sí ibòmíràn, wọ́n ní láti gé ọmú náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á mọ bí ó ti rìn jìnnà tó. Màámi bèèrè bóyá kò ní í pẹ́ jù. Dókítà wo tábìlì. Ó ní, "Màmá, ká ṣe tiwa ná."

Mo bá Nọ́ọ̀sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ká ní mo sọ fún wọn lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

"Má bi mí ní ìbéèrè yẹn. N kì í ṣe Ọlọ́run. Àwa náà jẹ̀bi o. Lọ́dún yẹn, a dárúkọ jẹjẹrẹ fún wọn, a sì jẹ́ kí wọ́n máa dá a gbé títí ọjọ́ fi pé. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí a bá ti dẹ́rù bà lásán, wọn kì í padà wá mọ́. Ìdí tí mo fi ń wọ ẹrẹ̀ lọ bá wọn nílé nìyẹn. Ẹ̀rù ló ń lé mi padà lẹ́nu ọ̀nà àwọn yòókù. Tiyín nìkan ni ọmọ ti lé mi."

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Olùṣọ́ Akínlẹ́yẹ. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, abẹ́rẹ́, dókítà tó kúnlẹ̀, Ìjẹ̀bú. Mo ní ẹ̀rù ló bà mí pé ìjọ á ní màámi kò nígbàgbọ́.

Wọ́n fi ìka kan ojú wọn òsì. "Ṣé o rí ojú yìí? Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti bó ìpẹ́ kúrò níbẹ̀. Mo ti sọ ọ́ láàárín ìjọ, ìwọ náà wà níbẹ̀, o ṣe àlélúyà. Ta ló sọ fún ọ pé àdúrà àti abẹ́rẹ́ ń jà?"

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mo sọ ọ́ fún ara mi.

Ẹ̀yin ọmọ tí ìyá yín ṣì wà láyé, bí wọ́n bá ti fi jẹjẹrẹ dẹ́rù bà á rí, tó wá já sí omi, òun gan-an ni kí ẹ dì lọ́wọ́ mú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ má ní ó ti bọ́. Òun ló máa fẹ́ sá jù, ohun kékeré báyìí ló sì máa dá a padà sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà, Nọ́ọ̀sì mú takisí wá. Màámi ti ká aṣọ àwọn oníbàárà jọ, wọ́n fi lé ìyàwó lánlọ́ọ̀dù lọ́wọ́, wọ́n ṣàlàyé ti ẹnì kọ̀ọ̀kan fún un. Mo ti wọ bàtà. Mo ti gbé báàgì wọn sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo ṣílẹ̀kùn kí n lè jókòó tì wọ́n.

Màámi ní, "Jẹ́ kó dúró sílé, Nọ́ọ̀sì."

"Háà, Ìyá Báyọ̀dé. Bí wọ́n bá ṣe é tán, ẹ ṣì máa wà lójú oorun nígbà yẹn. Ẹbí ni dókítà máa fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ta ni kó wá sọ ohun tó bá rí fún?"

"Ẹ̀yin ni kó sọ ọ́ fún. Ẹni tó máa sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí ni mo ń fẹ́."

Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo yẹ̀ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì wọ ọkọ̀ tì màámi, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Awakọ̀ gbéra, ó rọra yẹ kòtò tó wà níwájú ilé wa, ó kọrí sí ọ̀nà Ìkọ̀tún. Mo rí ẹ̀yìn gèlè màámi nínú gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò yí padà.